Ìbotí: bí a ṣe ń yàn án, bí a ṣe ń dé e, àti ibi tí kò ti wúlò

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tó gbé àgbàdo ìyá rẹ̀ wá lọ̀ ló fọwọ́ kàn mí nítan, ó ní, "Bàbá, fóònù yín ń dún." Mo kọ́kọ́ rò pé ariwo ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí n gbọ́. Àṣé mo ti pa ẹ̀rọ láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó jókòó sábẹ́ igi kaṣú, mo ń gbọ́ ọ̀kadà tó ń kọjá lọ, àmọ́ ohun tó tín-ín-rín bíi ti fóònù yẹn ti kúrò lára ohun tí etí mi ń mú.

Ó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń lọ àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ata fún àwọn ará Ìsánlú, nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi. Bí mo bá délé, ìyàwó mi á ní kí n yéé pariwo mọ́ òun, èmi á sì ní ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti fọwọ́ kàn mí ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ ìbotí. Ohun tí mo rí kó jọ nìyí, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ mi náà ni mo ṣe kọ ọ́. Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ẹ ń wá

Oríṣi mẹ́ta ló wà, wọ́n sì jọra wọn lójú débi pé ẹni tí kò mọ̀ á ra ọ̀kan fún iṣẹ́ òmíràn. Ọ̀kan wà fún òtútù: onírun tàbí olówùú, ó rọ̀ múlọ́múlọ́. Ọ̀kan wà fún ariwo iṣẹ́: ike líle méjì tó rí bí eésan àgbọn tí wọ́n là, fóòmù wà nínú rẹ̀, tìmùtìmù rọ́bà yí ẹnu rẹ̀ ká, ọ̀já kan sì so méjèèjì pọ̀ lórí. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ìyámọ́ọ̀fù, òun náà sì ni mo ní lọ́kàn níbikíbi tí mo bá ti kọ ìbotí lásán. Ẹ̀kẹta ni hẹ́ẹ̀dífóònù, ti orin àti ìpè.

Ti òtútù ni ìtàn rẹ̀ dùn jù. Ọmọ ọdún 15 kan, Chester Greenwood, ní ìlú Farmington ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ló ṣe tirẹ̀ ní 1873. Yìnyín ń jẹ ẹ́ létí. Ó ká wáyà, ó ní kí ìyá àgbà rẹ̀ bá òun rán irun ẹran mọ́ ọn. Ní 1877 ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ nílùú náà. Irun tí ìyá àgbà rán yẹn ń dá afẹ́fẹ́ tútù dúró ni o, kì í dá ariwo dúró. Ariwo á gba inú irun àti òwú kọjá bí omi ṣe ń gba inú asẹ́. Mo mọ agégi kan lọ́nà Mọ̀pà tó ń fa fìlà olówùú bo etí kó tó ta ayùn ẹlẹ́rọ, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé òun ti ṣe ohun tó yẹ. Etí rẹ̀ gbóná, ìyẹn nìkan ni fìlà náà ṣe fún un.

Òwú tí àwọn kan ń ká bọ etí náà ò yàtọ̀. Ẹ má tan ara yín.

2. Ẹ wọn ariwo náà, apá yín ti tó

Ẹ dúró síbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnì kan dúró níwájú yín níwọ̀n bí apá yín ṣe gùn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ nílé. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti gbé ohùn sókè kó tó gbọ́ yín, ariwo ibẹ̀ ti tó nǹkan bí 85 dẹ̀síbẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti ń ba etí jẹ́ fún ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹnu yín gbọ́dọ̀ wọ inú etí rẹ̀ kó tó gbọ́, ẹ ti kọjá 85 fíìfíì.

Dẹ̀síbẹ̀lì yìí kì í ṣe bí ẹni ń ka iṣu. Bó bá fi 3 péré lé sí i, agbára ariwo náà ti di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí àjọ NIOSH, tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi ní kí ènìyàn má lò ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́ nínú ariwo 85, kí àkókò náà sì máa dín sí ìdajì bí 3 bá ti ń lé sí i. 88, wákàtí 4. 91, wákàtí 2. 94, wákàtí 1. 97, ìṣẹ́jú 30. 100, ìṣẹ́jú 15. Ayùn ẹlẹ́rọ àwọn agégi máa ń tó nǹkan bí 110, èyí tó túmọ̀ sí pé kò tó ìṣẹ́jú 2 tí ìpín ọjọ́ kan fi tán.

Mo fi fóònù ọmọ mi wọn tèmi. Fóònù kì í ṣe irinṣẹ́ gidi fún èyí, ó lè ṣì, àmọ́ ó máa ń fún ènìyàn lójú ọ̀nà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ibi tí a ń da àgbàdo sí, ó ń lọ, ó ń bọ̀ ní nǹkan bí 98. Ìyẹn jẹ́ pé ìṣẹ́jú 24 péré ló yẹ kí n lò níbẹ̀ lójúmọ́ láìfi nǹkan bo etí. Lọ́jọ́ ọjà, láti aago méje òwúrọ̀ ni mo máa ń dúró síbẹ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Ẹ bá mi ṣírò ọdún mẹ́rìndínlógún.

Kí ẹ tó náwó lórí ìbotí, ẹ gé ariwo náà kù níbi tó ti ń jáde. Ẹ di àwọn bóòtù tó ń mì, ẹ pààrọ̀ sàléńsà tó ti lu, ẹ jẹ́ kí imú sàléńsà kọjú síta. Ní gbangba, bí ẹ bá fi jíjìnnà yín sí ẹ̀rọ ṣe ìlọ́po méjì, nǹkan bí 6 dẹ̀síbẹ̀lì á bọ́ kúrò. Nínú ilé tí wọ́n fi páànù bo òkè àti ẹ̀gbẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ògiri á máa dá ariwo náà padà sí yín. Mo gbé bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà kúrò lẹ́nu ọ̀nà lọ sábẹ́ kaṣú. Wọ́n ráhùn lọ́sẹ̀ kan, wọ́n ní oòrùn. Wọn ò ráhùn mọ́.

3. Rírà á

Lára páálí ìbotí tó bá jẹ́ ti ìlànà Amẹ́ríkà, ẹ máa rí lẹ́tà mẹ́ta, NRR, pẹ̀lú nọ́ńbà. Ẹni tó ń tà á á sọ fún yín pé nọ́ńbà yẹn ni iye ariwo tó máa gé kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú yàrá ìwádìí ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, lórí ẹni tí wọ́n fara balẹ̀ bá dé e, tí kò làágùn, tí kò sì ní ìyẹ̀fun lójú. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà máa ń yọ 7 kúrò nínú nọ́ńbà náà, wọ́n á wá pín ìyókù sí méjì. Bí páálí bá wí pé 27, ẹ yọ 7, ó ku 20. Ẹ pín in sí méjì, ó ku 10. Ohun tí ẹ lè gbọ́kàn lé nìyẹn.

10 lè dà bíi pé kò tó nǹkan. Ẹ wò ó dáadáa. 98 tèmi á di 88, ìṣẹ́jú 24 á sì di wákàtí 4. Ti Yúróòpù máa ń ní SNR lára dípò NRR. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀n ọ́n yàtọ̀, nítorí náà ẹ má gbé nọ́ńbà SNR sẹ́gbẹ̀ẹ́ NRR kí ẹ wá ní èyí tó tóbi ló dára jù.

Ẹ má sì ra èyí tó dí etí jù fún iṣẹ́ yín. Mo nílò láti gbọ́ ìgbà tí bẹ́lítì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀, tàbí tí òkúta bá bọ́ sínú ọ̀lọ. Ẹni tí kò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́ rárá, ṣíṣí ni yóò máa ṣí i, kò sì sí ohun tó burú ju ìyẹn lọ, bí mo ṣe máa sọ níwájú.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ní Lọ́kọ́ja ni mo ti rà á, ó pupa, ó ń dán, olówó pọ́ọ́kú. Mo dé e lọ́jọ́ mẹ́ta, kò yàtọ̀ sí orí òfo. Mo fi ìṣó yọ ideri inú rẹ̀: kò sí fóòmù kankan níbẹ̀, ike lásán ni. Láti ìgbà náà, n kì í ra ìbotí láìṣe nǹkan mẹ́rin yìí níwájú ọlọ́jà. Mo máa ń fi ìka tẹ inú rẹ̀ bóyá fóòmù wà. Mo máa ń tẹ tìmùtìmù rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rọ̀, kó sì padà sípò fúnra rẹ̀ ní wéré. Mo máa ń fa ọ̀já rẹ̀ kí n wò ó bóyá ó lè fún mọ́ orí láìṣe bí ẹni fi ẹ̀mú di mí. Lẹ́yìn náà, mo máa ń dé e, kí n sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ ọlọ́jà náà. Ọjà kankan kì í sí láìsí jẹnẹrétọ̀, Ọlọ́run ṣeun.

4. Dídé e

Níbí ni ọ̀rọ̀ wà. Ìbotí olówó ńlá tí wọn ò dé dáadáa kò sàn ju ti Lọ́kọ́ja tèmi lọ. Tìmùtìmù yẹn gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara yí etí ká láìsí àlàfo. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá lè gbà, ariwo á gbà á.

Ẹ yọ yẹtí tó bá tóbi. Ẹ ká irun kúrò lábẹ́ rẹ̀. Irun dídì tó nípọn létí máa ń gbé tìmùtìmù náà sókè. Gèlè àti fìlà ńkọ́? Ẹ gbé etí wọn sókè kúrò lábẹ́ ike náà, kí ọ̀já ìbotí gba orí gèlè kọjá, àmọ́ kí aṣọ kankan má wà láàárín tìmùtìmù àti awọ ara. Àwọn ìyá tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kò fẹ́ràn èyí, wọ́n ní ó ń ba gèlè jẹ́. Mo ní kí wọ́n wé ìborí kékeré wá sí ibi iṣẹ́. Awò ojú náà máa ń ṣí àlàfo sílẹ̀ níbi tí apá rẹ̀ ti gba orí etí. Bí ẹ kò bá lè ṣe aláìlo awò, ẹ wá èyí tí apá rẹ̀ tín-ín-rín, tàbí kí ẹ lo ìdítí fóòmù tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Gbogbo etí ló gbọ́dọ̀ wọ inú ike náà, kó má tẹ ewé etí. Ẹ fa ike méjèèjì wálẹ̀ tàbí sókè títí ọ̀já fi kan àárín orí gan-an. Kì í ṣe ẹ̀yìn orí, kì í sì í ṣe iwájú orí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń ṣe é nítorí àṣà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ike náà mọ́ orí gírígírí. Bí ariwo bá lọ sílẹ̀ gan-an nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti ń jò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ibi tó ti ṣí. Bí kò bá yàtọ̀, ó ti dára.

Ẹ dé e kí ẹ tó ta ẹ̀rọ. Ẹ ṣí i lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti kú. Èyí dà bí ohun kékeré, ó sì jẹ́ ohun tí mo fi ọdún kan gbáko ṣe é ní ìdakejì. Ìyá kan á dé, á ní, "Bàbá, ẹ bá mi lọ̀ ọ́ kúnná o, ti ẹ̀kọ ni." Èmi á ṣí etí kan kí n lè gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn á dé, á béèrè iye rẹ̀. Màá tún ṣí i. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, gbogbo ṣíṣí yẹn lápapọ̀ tó bí ìdajì wákàtí lójúmọ́.

Ẹ wo ohun tí ìdajì wákàtí ń ṣe. Ká ní ìbotí yín lè gé 30 dẹ̀síbẹ̀lì kúrò lóòótọ́, ẹ sì fi wákàtí 8 wà nínú ariwo. Bí ẹ bá ṣí i fún ìṣẹ́jú 30 péré nínú rẹ̀, ohun tí ẹ jèrè ní gbogbo ọjọ́ náà kò lè ju nǹkan bí 12 lọ. Ìdajì wákàtí kan jẹ ohun tó lé ní ìdajì owó yín. Ìbotí tó ń gé 15 tí kò kúrò lórí dára ju èyí tó ń gé 30 tó ń gòkè tó ń sọ̀ lọ.

Ohun tí a wá ṣe ni pé a fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ìka kan sókè: ẹ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìka méjì: ẹ tún un lọ̀. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tó ń gbo ara wọn: kó kúnná. Owó, mo kọ ọ́ sára páànù pẹ̀lú ẹfun. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, àwọn oníbàárà ti ń fi ọwọ́ sọ ohun tí mi ò kọ́ wọn rárá, pẹ̀lú àwọn kan tí mi ò lè kọ síbí.

5. Ìdítí fóòmù

Fóòmù kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ bọ inú ihò etí ni. Ó dára fún ẹni tó ń lo awò, fún ẹni tí ooru ìbotí ń dà láàmú, àti fún àkókò ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí òógùn ń ṣàn lábẹ́ tìmùtìmù.

Ẹ fọ ọwọ́. Mo tún un sọ: ẹ fọ ọwọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ata rodo tán, mo fi ọwọ́ gbígbẹ nu ara aṣọ, mo ká ìdítí, mo tì í bọ etí ọ̀tún. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọwọ́ ata kan ojú rí, ojú ṣì máa ń sunkún dà á nù. Etí ò ní omijé. Orí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà ni mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyàwó mi ń fẹ́ atẹ́gùn sí i pẹ̀lú ideri ìkòkò, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti mọ́, ẹ ká fóòmù náà láàárín ìka títí á fi tín-ín-rín bí igi ìṣáná, kó má ní ìkákò. Ẹ gbé ọwọ́ kejì gba orí kọjá, ẹ fa òkè ewé etí sókè àti sẹ́yìn díẹ̀. Ìyẹn ló ń na ihò etí tọ́. Ẹ tì í wọlé, kí ẹ sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30 títí á fi wú kún ibẹ̀. Bí ẹni tó dúró níwájú yín bá ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú fóòmù náà níta, kò wọlé tó. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un ṣe. Bí ẹ bá ń yọ ọ́, ẹ rọra yí i, ẹ má fà á já.

Agégi tó ń lo ayùn ẹlẹ́rọ lè lo ìdítí kó tún dé ìbotí lé e. Kò ní jẹ́ pé a ó ro nọ́ńbà méjèèjì pọ̀ o: nǹkan bí 5 dẹ̀síbẹ̀lì péré ni ìkejì ń fi kún èyí tó dára jù nínú méjèèjì. Fún ariwo 110, 5 yẹn kì í ṣe ohun ìtìjú.

6. Hẹ́ẹ̀dífóònù

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi, wọ́n á ní, "Bàbá, mo ní èyí tó ń pa ariwo." Òótọ́ ni, irú rẹ̀ wà. Maikirofóònù kékeré wà lára rẹ̀ tó ń gbọ́ ariwo ìta, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á wá ṣe ìgbì ohùn tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́, méjèèjì á pàdé, wọ́n á pa ara wọn. Bí ẹni méjì bá di okùn kan mú, tí ọ̀kan ń fà á síbí, tí èkejì ń fà á sọ́hùn-ún pẹ̀lú agbára kan náà, okùn náà kò ní kúrò lójú kan. Nínú ọkọ̀ òfuurufú ni Amar Bose, ará Amẹ́ríkà tó dá ilé iṣẹ́ sípíkà Bose sílẹ̀, wà ní 1978, tó ń ti Zurich padà bọ̀ sí Boston, nígbà tí ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kó gbádùn orin tó fi hẹ́ẹ̀dífóònù gbọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní 1989 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ tà á fún àwọn awakọ̀ òfuurufú.

Ohun tó mọ̀ ọ́n pa ni ariwo tó nípọn, tó ń lọ bákan náà: jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ògiri, fáànù, ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójijì, bí òòlù àwọn wẹ́dà, ilẹ̀kùn tó gbá, ọmọ tó ké, kò lè bá a. Púpọ̀ nínú wọn kò sì ní nọ́ńbà ìdáàbòbò kankan lára, nítorí wọn ò ṣe é fún iṣẹ́. Ẹ má dé e wá sí ilé ìlọ̀ tàbí ibi ìgé pákó. Bátìrì lè kú lórí yín nígbà tí ẹ ò mọ̀.

Àmọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá ní Kàbà, tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ń hó lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, ó wúlò gan-an ni. Ó wúlò jù bí kò bá fi orin sí i rárá, tàbí tó bá fi sí i díẹ̀. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣìnà nìyí: jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, wọ́n á ti íyápíìsì bọ etí, wọ́n á gbé orin sókè títí á fi borí jẹnẹrétọ̀. Ariwo méjì ló wá di ti etí kan náà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ohùn má kọjá ìpín 60 nínú 100 ibi tí fóònù lè gbé e dé. Wọ́n tún ní ariwo 80 dẹ̀síbẹ̀lì kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀ kan. Fún ọmọdé, 75 ni wọ́n fi sí. Bí ẹni tó jókòó tì yín bá ń gbọ́ orin tó wà létí yín, tó tiẹ̀ ń mirí sí i, ẹ bu ohùn náà kù.

7. Ọyẹ́, ọ̀kadà, àti àwọn ọmọdé

Lóṣù Kejìlá, ẹni tó bá gun ọ̀kadà láti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Ìsánlú ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ mọ ohun tí ọyẹ́ ń fi etí ṣe. Ìbotí onírun kò ní wọ abẹ́ àṣíborí, bó bá sì wọ̀ ọ́, àṣíborí ò ní jókòó mọ́ lórí, ìjàm̀bá nìyẹn ń pè. Aṣọ pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́, èyí tó ń bo orí, etí àti ọrùn, ni kí ẹ wọ̀ sábẹ́ àṣíborí. Bí kò bá sí, ẹ ṣẹ́ ìborí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan mọ́ etí, ẹ so ó sábẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ tó dé àṣíborí.

Ẹ má fi íyápíìsì sétí lórí ọ̀kadà. Tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn kì í jíṣẹ́ ṣáájú. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko náà, kó jẹ́ kí etí òun gba ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun, pàápàá nírú àkókò tí a wà yìí.

Ọyẹ́ tún máa ń jẹ́ kí inú etí gbẹ, kó sì máa yún. Ìyẹ́ adìẹ, igi ìṣáná, ìbòrí bírò, gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí tí àwọn ènìyàn ń tì bọ ibẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀.

Fún ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lóru ọyẹ́, fìlà tó bo etí ti tó. Níbi ìnáwó tàbí nínú ìsìn tí sípíkà wọn ń mì àyà, fìlà kò tó. Ẹ gbé ọmọ náà kúrò níwájú sípíkà, ẹ lọ sẹ́yìn pátápátá. Ìbotí ọmọdé wà tí ọ̀já rẹ̀ rọ̀. Ẹ ra ìyẹn bí ẹ bá ń lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́. Ìdítí fóòmù kì í ṣe fún ọmọdé, wọ́n á gbé e mì.

8. Títọ́jú rẹ̀

Ọṣẹ díẹ̀ nínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, àkísà tó mọ́, ẹ fi nu tìmùtìmù náà lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ níbi òjìji. Ẹ má rì í sínú omi. Ẹ má fi bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì nù ún: ó máa ń jẹ́ kí rọ́bà náà le, kó sán, ibi tó sán ni ariwo á sì gbà. Ọmọ iṣẹ́ mi ti fi bẹntiróòlù fọ ọ̀kan mọ́ lóló, ó dán, ó sì kú. Bí tìmùtìmù bá ti le tàbí tó ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ní ibi tí ènìyàn ti ń lò ó lójoojúmọ́, bí oṣù mẹ́fà ni. Bí wọ́n bá ń ta tìmùtìmù rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ rà á pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, ẹ ò ní rí i mọ́ bí ẹ bá padà lọ.

Ìdítí fóòmù tó bá ti dọ̀tí tàbí tí kò wú padà mọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni.

9. Ìgbà tí ìbotí kò lè ṣe nǹkan kan mọ́

Bí etí bá ń hó lẹ́yìn iṣẹ́, bí ọ̀rọ̀ ènìyàn bá ń dún bíi pé wọ́n fi aṣọ bo ẹnu, etí ń sọ fún yín pé ariwo òní pọ̀ jù. Nígbà míì ó máa ń lọ lẹ́yìn oorun kan. Ìlọ rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kò mú nǹkan lọ. Àwọn irun tíntìntín tó ń gba ohùn nínú etí, bí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù mọ́. Kò sí òróró, kò sí àgbo tó ń hù wọ́n padà. Mo náwó lórí méjèèjì kí n tó gbà.

Bí etí kan bá ṣàdédé di láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, tí kò sì jẹ́ ìdọ̀tí tàbí omi, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹ ní dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni ẹ fẹ́ rí. Ìtọ́jú rẹ̀ kì í fẹ́ kó pẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí etí bá ń dun yín, tó ń da ọyún tàbí ẹ̀jẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ má ti ìdítí bọ̀ ọ́.

Nílé ìlọ̀ mi, ìṣó kan ṣoṣo ló wà lára òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀pá tí a fi ń yí ẹ̀rọ kó tó ta ni mo kọ́kọ́ fi kọ́ ọ, mo wá fi ìbotí kọ́ lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀pá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìbotí. Ọmọ iṣẹ́ mi ti gbìyànjú láti gbé e sílẹ̀ sórí àpò àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì kó tó yí ẹ̀rọ. Nígbà kẹta, ìyá tó ni àgbàdo ló gbé e dé e lórí.